Ẹsẹ̀ Wo Ni Ó Yẹ Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀ pé mo fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin kékeré, irú èyí tí a ṣe ní àwòrán ọkọ̀ ńlá, tí iná mànàmáná ń mú rìn lórí tábìlì. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tàbí ọ̀dà ara ọkọ̀ ni ó máa ń fa àríyànjiyàn láàárín àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni. Yorùbá kò ṣì í pè nígbà tí wọ́n pe ohun tí ọkọ̀ fi ń yí ní ẹsẹ̀, nítorí bí a bá ṣe rìn ni a ṣe ń koni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún ẹ̀yà ara rẹ̀ lórúkọ. Apá tí ó ń tẹ orí irin ni mo ń pè ní àtẹ́lẹsẹ̀. Apá tí ó yọ sísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ inú, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yà kúrò lójú irin, ni mo ń pè ní etí. Àtẹ́lẹsẹ̀ kò tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ó rọra dà gẹ̀rẹ́ síhà òde, èyí sì ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti padà sí àárín bí ó bá fẹ́ fì sápá kan. Igun tí àtẹ́lẹsẹ̀ àti etí ti pàdé gbọ́dọ̀ rọra tẹ̀. Bí ó bá mú, etí yóò máa gun orí irin níbi kọ́nà, ọkọ̀ yóò sì já sílẹ̀.

Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù ni HO, èyí tí ó jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 87 ọkọ̀ gidi. Àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ mìlímítà 16.5. Etí ẹsẹ̀ ọkọ̀ gidi ní Amẹ́ríkà ga tó ìnṣì kan. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 87, yóò ku nǹkan bíi mìlímítà 0.3. Ojú irin orí tábìlì kì í sábà tẹ́jú tó èyí tí irú etí bẹ́ẹ̀ lè dì mú. Nítorí náà ni NMRA, ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ ojú irin kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1935, ṣe gbé ìlànà tí a ń pè ní RP-25 kalẹ̀. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn olùṣe ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ni ó ń tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀, Code 110, fẹ̀ tó mìlímítà 2.8, etí rẹ̀ sì ga tó 0.64. Code 88 fẹ̀ tó 2.2, ó sì dára lójú jù ú lọ. Àwọn tí kò fẹ́ àbùlà rárá ń lo Proto:87, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju 1.6 lọ.

Kí ló dé tí gbogbo wa kò kúkú mú èyí tí ó jọ ti gidi jù? Oríta ni ìdáhùn. Níbi tí ojú irin ti pínyà, àlàfo kan wà tí etí ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá ṣe àlàfo náà fún ẹsẹ̀ gbígbòòrò, ẹsẹ̀ tín-ín-rín yóò jìn sínú rẹ̀ kí ó tó dé òdìkejì. Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni a ń yàn, a ń yan ojú irin pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n nígbà tí olùkọ́ mi kan, tí ó ti di olóògbé, fi ọkọ̀ díísù àtijọ́ kan sílẹ̀ fún mi. Etí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga ju mìlímítà kan lọ, nítorí ojú irin gíga ni wọ́n ṣe é fún. Irin tèmi, Code 70, kò ga ju 1.8 lọ. Bí ọkọ̀ náà bá ń rìn, etí rẹ̀ á máa gbá orí ìṣó tí ó di irin mú, tá-tá-tá. Ọ̀rẹ́ kan ní kí n gbé ẹsẹ̀ náà sórí ẹ̀rọ, kí wọ́n gé etí rẹ̀ kù. Mo kọ̀, nítorí ohun tí a bá gé kò ṣeé dá padà. Mo yọ ẹsẹ̀ àtijọ́, mo fi Code 110 rọ́pò rẹ̀, mo sì tọ́jú ti olùkọ́ mi sínú àpótí.

Onímọ̀ èdè ni mí, nítorí náà n kò lè ṣàìrántí àkọtọ́ Yorùbá. Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní ọdún 1974, “aiye” di “ayé”, “nwọn” di “wọn”. A kò torí bẹ́ẹ̀ sun àwọn ìwé àtijọ́ níná. Ẹ̀ka-èdè ilé baba ẹni ṣì wà lẹ́nu wa, àkọtọ́ sì ń jẹ́ kí ará Oǹdó ka ìwé tí ará Ọ̀yọ́ kọ. Code 110 kò jọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ gidi tán, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ olùkọ́ mi rìn lójú irin ọ̀rẹ́ mi láìjábọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ irú oríta tí ẹ ní. Ẹ ra òṣùwọ̀n NMRA, irin pẹlẹbẹ kékeré kan, kí ẹ fi wọn ẹsẹ̀ àti àlàfo. Bí ẹ bá fẹ́ máa gbé ọkọ̀ yín lọ sílé ẹlòmíràn, Code 110 ni kí ẹ mú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni yóò tẹ́ gbogbo irin yín, tí ẹ sì ní sùúrù, ẹ lè gbìyànjú Code 88 tàbí èyí tí ó tún tín-ín-rín jù ú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní orúkọ Yorùbá mìíràn fún ohun tí mo pè ní etí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ire o.