Ohun Tí Etí Mi Gbọ́ ní Missoula

Bí ẹ bá sọ fún ará ilé wa pé ẹ ń lọ sí Amẹ́ríkà, New York, Houston tàbí Atlanta ni ọkàn wọn máa ń lọ. Nígbà tí mo ní Missoula ni mò ń lọ, ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé Amẹ́ríkà náà nìyẹn?" Amẹ́ríkà ni o. Ìpínlẹ̀ Montana ló wà, lápá ìwọ̀-oòrùn, láàárín àwọn òkè Rocky. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ wọn ló ń gbé níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ wọn nígbà ìsinmi, nínú oṣù Keje. Àwọn olóòtú ní kí n wá ròyìn ohun tí mo rí. N ó ròyìn, àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ọmọ ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè ni mí: etí mi ló sábà máa ń ṣáájú ojú mi.

Ìlú náà kò tóbi. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2020, nǹkan bí 73,500 ni àwọn olùgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgboro rẹ̀ kì í dá. Lóṣù Keje, ó máa ń tó nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, nítorí náà àwọn èèyàn a dé láti ibi iṣẹ́, wọn a jẹun tán, wọn a sì tún ráyè lọ sí odò. Odò Clark Fork gba àárín ìlú kọjá. Ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sínú tíúbù róbà, tí omi ń gbé wọn lọ jẹ́jẹ́. Ẹ ó rí àwọn mìíràn tó ń fi pákó gun ìgbì kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe sójú odò, tí wọ́n ń pè ní Brennan's Wave. Létí odò náà ni àwọn ẹṣin onígi tó ń yí po wà fún àwọn ọmọdé. Chuck Kaparich, ẹni tó ń fi igi ṣe kọ́bọ́ọ̀dù, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ wọn. Àwọn ará ìlú yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n bá a gbẹ́ ìyókù, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1995.

Bọ́ọ̀sì ìlú náà, ọ̀fẹ́ ni láti ọdún 2015. Kò sí kọ̀ńdọ́, kò sí ìjà ṣénjì. Ọpẹ́ ni owó ọkọ̀: gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, àgbà àti ọmọdé. Ní ọjọ́ kejì, èmi náà ti ń kígbe ọpẹ́ láti ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn yunifásítì ìlú náà, University of Montana, ni òkè Sentinel wà, tí lẹ́tà M funfun ńlá kan wà lára rẹ̀. Òkúta ni wọ́n ń tò sí M náà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi kọnkéré ṣe é lọ́dún 1968. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún bí ejò. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn ìyá àgbà tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ sì ń kọjá lára mi. Kò sẹ́ni tó kọjá tí kò kí mi. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ kú ìrìn", ṣùgbọ́n èèyàn wọ̀nyẹn ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́.

Bí ẹ bá wo ara àwọn òkè náà dáadáa, ẹ ó rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò léra wọn bí ìlà inú ìwé ìkọ̀wé. Etí adágún omi àtijọ́ ni. Ní nǹkan bí 15,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín ńlá dí ojú odò, omi sì kún gbogbo àfonífojì yìí. Nígbà tí yìnyín náà já, omi ya lọ sí ibi tí a ń pè ní Washington àti Oregon lónìí. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣẹlẹ̀. Omi ti lọ tipẹ́, àmọ́ ìlà rẹ̀ kò tíì parẹ́.

Irú ìlà bẹ́ẹ̀ wà nínú orúkọ ìlú náà pẹ̀lú. Missoula kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú èdè Salish ló ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ kan tó jẹ mọ́ omi tútù, kí ẹnu àlejò tó gé e kúrú. Àwọn Salish ló ni ilẹ̀ yìí. Lọ́dún 1855, ìwọ̀-oòrùn ìlú náà ni wọ́n ti bá ìjọba Amẹ́ríkà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn Hellgate. Lọ́dún 1891, wọ́n lé àwọn tó kù ní àfonífojì Bitterroot kúrò nílé, wọ́n ní kí wọ́n lọ sí ilẹ̀ Flathead lápá àríwá. Àwọn èèyàn lọ, orúkọ kù. Lọ́dún 2022, wọ́n sọ afárá tó wà láàárín ìlú ní Beartracks Bridge, orúkọ ìdílé Salish kan. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba orí afárá náà kọjá.

Ní ọjọ́ Sunday kan, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi mọ́tò gbé wa gba òpópónà 93 lọ sí Arlee, nǹkan bí 40 kìlómítà sí Missoula, nínú ilẹ̀ Flathead. Lójú ọ̀nà náà, wọ́n kọ orúkọ àwọn odò àti ìlú ní Salish pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbìyànjú láti kà á, ahọ́n mi takú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Yorùbá kì í fàyè gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì. Salish ní tirẹ̀ lè to kọ́ńsónáǹtì mẹ́rin márùn-ún pọ̀ láìmí. Àwọn àgbà tó fi èdè náà ṣe èdè àkọ́kọ́ kò pọ̀ mọ́. Ìdí kan ni pé nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ láyé àtijọ́, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹni tó bá sọ ọ́. Nítorí èyí ni wọ́n fi dá ilé ẹ̀kọ́ Nkwusm sílẹ̀ ní Arlee lọ́dún 2002, tí wọ́n ti ń fi Salish kọ́ àwọn ọmọdé. Mo rántí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, níbi tí a ti ń san náírà mẹ́wàá bí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa. Àwọn tó ń gba owó náà, Yorùbá ni wọ́n fi ń kà á.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sí ọjà àwọn àgbẹ̀ lápá àríwá òpópónà Higgins. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí n kò retí: ohùn tó ń lọ sókè sódò bíi tiwa. Àwọn Hmong ni. Láti Laos ni wọ́n ti wá lẹ́yìn ogun, láti ọdún 1975 síwájú, nígbà tí Vang Pao, ọ̀gágun wọn tó bá Amẹ́ríkà jà, tẹ̀ dó sí ìwọ̀-oòrùn Montana. Ewébẹ̀, àlùbọ́sà àti òdòdó ni wọ́n ń tà. Ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní. Ti Hmong tó méje tàbí mẹ́jọ. Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: "Hmoob" ni wọ́n ń kọ orúkọ ara wọn, b tó wà níparí kò sì ní ìró rárá, àmì ohùn òkè ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní fóònù yín kò ní àmì ohùn, ẹ gbọ́: lẹ́tà gan-an ni àmì ohùn tiwọn.

Ìyá àgbà kan ń ta ewébẹ̀ níbẹ̀, ọmọdébìnrin kan sì ń bá a gba owó. Hmong ni ìyá àgbà ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ fi ń dá a lóhùn.

Bó ṣe rí nílé ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọ wọn. Bí mo bá fi oríkì rẹ̀ pè é, ńṣe ló máa ń wo ẹ̀yìn wò, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni mò ń pè. Ní alẹ́ ọjọ́ ọjà yẹn, mo fi sùúrù béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí ẹ kì í bá a sọ Yorùbá?"

"Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Ẹnì kan ní ká máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sí i, kó má bàa dàrú mọ́ ọn lójú. Àti pé, yàtọ̀ sí àwa, ta ló tún gbọ́ Yorùbá nílùú yìí?"

Mo ní èsì fún èkíní. A ti kọ́ ọ ní kíláàsì pé èdè méjì kì í da ọmọ lórí rú. Ó lè pa wọ́n pọ̀ nínú gbólóhùn kan, àmọ́ yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ bó ṣe ń dàgbà. Èkejì ló le. Salish ní ilẹ̀ níbẹ̀, Hmong ní ọjà. Kí ni Yorùbá ní ní Missoula? Mo ronú títí kí n tó fèsì pé, "Ó ní ẹ̀yin méjèèjì. Ó sì ní màmá lórí fóònù."

Wọ́n dákẹ́. Ọkọ wọn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. A fẹnu kò pé Yorùbá nìkan ni wọn yóò máa bá a sọ nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ fún un, màmá wa yóò sì máa pè é ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Kí n tó padà, ó ti mọ "omi", ó mọ "wá", ó sì mọ "mi ò fẹ́". "Mi ò fẹ́" ló mọ̀ ọ́n sọ jù. Ohùn rẹ̀ pé pérépéré, kò ṣì í rí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà káàkiri ayé, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ka ìwé ìròyìn yìí. Bí ọmọ bá wà nílé, ẹ yan wákàtí kan lóòjọ́ tí yóò jẹ́ ti Yorùbá. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ wà nílé, ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwọn àbúrò wa tó ń gbé lẹ́bàá ọgbà yunifásítì wa níbí, ẹ kí wọn ní Yorùbá lọ́la, kí ẹ gbọ́ èdè tí wọn yóò fi jẹ́ yín.