Olódo Kọ́ Ni Wọ́n

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan ọ̀pọ̀ ilé, ìtìjú ni kì í jẹ́ ká sọ ọ́ síta.

Mo ti pé ọmọ ọdún 41 kí wọ́n tó yẹ̀ mí wò ní London, tí wọ́n sọ pé dyslexia ló ń dà mí láàmú. Láti kékeré ni ìwé kíkà ti nira fún mi. "Olódo" ni tíṣà mi ń pè mí. Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ ìtàn lẹ́ẹ̀kan, màá tún un sọ láìku ẹyọ kan.

Kí ló fà á? Ẹ wo ẹni tó ń gúnyán. Bí ẹ bá dúró nítòsí, bí ojú ṣe ń rí ọmọ odó tó ń balẹ̀ ni etí ń gbọ́ ìró rẹ̀. Bí ẹ bá wà lókèèrè, ojú á kọ́kọ́ rí i kí etí tó gbọ́. Ọpọlọ ló ń pinnu bóyá ohun tí ojú rí àti èyí tí etí gbọ́ bá ara wọn rìn.

Lọ́dún 2005, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìdánwò jáde. Iná àti ìró ni wọ́n fi dán àwọn àgbàlagbà wò. Wọ́n rí i pé ọpọlọ àwọn tó ní dyslexia ṣì ń so iná àti ìró pọ̀ nígbà tí àlàfo àárín wọn ti gùn ju èyí tí ọpọlọ àwọn yòókù ń so pọ̀ lọ. Àlàfo ọ̀hún ò mà tó ìṣẹ́jú àáyá kan!

Nídìí ìwé náà, ojú àti etí ló ń pàdé. Ẹ wo ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀: bí ojú bá ti rí àmì, ọpọlọ gbọ́dọ̀ tètè mú ìró tó bá a mu. Bí wọn ò bá pàdé lásìkò, kíkà á falẹ̀. Àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò pé ohun tó ń fa dyslexia nìyí o, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe àìgbọ́n, kì í sì í ṣe ìwà ọ̀lẹ.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Lẹ́yìn àyẹ̀wò yẹn, wọ́n fi àsìkò kún èyí tí mo fi ń kọ ìròyìn iṣẹ́ mi. Òfin kan wà ní Bírítéènì láti ọdún 2010 tó lè dáàbò bo ẹni tí dyslexia ń dí lọ́wọ́ gidi.

Bí ọmọ yín bá ń kọsẹ̀ nídìí ìwé, ẹ má nà án, ẹ má sọ ọ́ lórúkọkórúkọ. Ẹ lọ bá tíṣà rẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin àgbà náà, kò tíì pẹ́ jù. Ìka ò dọ́gba, ṣùgbọ́n gbogbo wọn la fi ń ṣiṣẹ́.

Ire o.