Yàrá Tí A Tún Ṣe De Àbúrò Mi

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà gbòde, ni mo tó mọ ìtumọ̀ òwe náà. Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà náà. Oyún Màámi ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti kà á léèwọ̀ láti jáde láti agogo méje alẹ́ títí di mẹ́fà àárọ̀. Èkó ni Bàámi ti ń ṣiṣẹ́, òfin kónílé-ó-gbélé sì ti há wọn mọ́ ibẹ̀. Nínú ilé wa ní Àgbowó, èmi, Màámi àti Màmá Àgbà nìkan ló kù.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Màmá Àgbà kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Wọ́n pe èmi àti Màámi jókòó. Wọ́n ní, "Ilé ìwòsàn la ó ti bímọ. Àmọ́ ọmọ kì í wo agogo. Bí kò bá dúró dè wá, kò gbọdọ̀ bá wa láìmúra."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo fi omi, ọṣẹ àti oògùn apakòkòrò fọ ilẹ̀ yàrá Màámi. A kó àwọn àpótí kúrò kí ààyè lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. A fi ọ̀rá ńlá bo fóòmù, a sì tẹ́ aṣọ tí a ti fọ̀, tí a sá sóòrùn, tí a sì lọ̀, lé e lórí. Mo pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, mo sì ra bátìrì tuntun sí tọ́ọ̀ṣì. Màmá Àgbà kó ìbọ̀wọ́ rọ́bà, abẹ tuntun tí a kò tíì tú, ohun ìdi-ìdodo, òwú àti jẹ́ẹ̀lì Chlorhexidine sínú báàgì kan. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé ìdodo nìkan ni jẹ́ẹ̀lì náà wà fún, pé bó bá kan ojú ọmọ, ó lè ba ojú náà jẹ́. Aládùúgbò kan gbé epo pupa wá pé òun ló ń tètè gbẹ ìdodo. Màmá Àgbà dúpẹ́ gan-an, wọ́n sì gbé epo náà lọ sí ilé ìdáná.

Mo rò pé a ti parí. Ni wọ́n bá da sóbò kún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, wọ́n dà á sórí ìró àtijọ́. Ó tàn ká. Mo pariwo.

"Wò ó dáadáa, Fọlá. 50 cl nìyẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ bá tó èyí, ewu ti dé. Ọwọ́ mi lè dí lọ́jọ́ náà, ojú mi sì ti ń ṣe bàìbàì. Ìwọ ni ojú mi. Bí o bá rí i, má tijú. Sọ̀rọ̀."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bá Bọ̀ọ̀dá onítakísì tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, alaalẹ́ ni wọ́n ń kọjú Micra wọn sí géètì, pẹ̀lú epo nínú rẹ̀. Káàdì Màámi àti owó wà nínú àpò kan lẹ́nu ọ̀nà.

Òru ọjọ́ Jimọ̀ọ́ kan ni ìrọbí mú Màámi. Kí Bọ̀ọ̀dá tó ṣí géètì, orí ọmọ ti yọ. NEPA ti mú iná lọ. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di tọ́ọ̀ṣì mú, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ náà ń gbọ̀n. Ọmọ ké. Màmá Àgbà nù ún gbẹ, wọ́n gbé e lé àyà Màámi, wọ́n fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Nígbà tí ìwọ́ dẹ́kun lílù, wọ́n dì í níbi méjì, wọ́n gé e láàárín. Ibi ọmọ náà jáde. Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọpẹ́.

Èmi ń wo aṣọ. Pupa náà ń tàn ká. Ẹnu mi gbẹ. Ta ni èmi tí n ó já àdúrà gbà mọ́ àgbà lẹ́nu? Mo rántí ọ̀rọ̀ wọn.

"Màmá, ó ti tó ti sóbò."

Àdúrà dúró. Wọ́n wò ó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra ikùn Màámi kíkankíkan, wọ́n fi ọmú sẹ́nu ọmọ. "Ó yá, a ń lọ!"

Ọjà Bódìjà dákẹ́ bí ibojì. A kọjá Sẹkitéríàtì àti Total Garden. Àwọn ọlọ́pàá tan iná wo inú ọkọ̀, wọ́n sì juwọ́ pé ká máa lọ. Ọwọ́ Màmá Àgbà kò kúrò nínú iṣẹ́ títí a fi dé UCH. Wọ́n fún Màámi ní abẹ́rẹ́ àti omi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ.

Ní ọdún 2023, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì ìdiwọ̀n sábẹ́ àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí wọ́n lè mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, wọ́n sì ń tọ́jú wọn lójú ẹsẹ̀. Ewu ńlá tí ẹ̀jẹ̀ ń fà dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Nígbà tí mo kà á, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà Màmá Àgbà ni mo rántí.

Yàrá tó mọ́ dára, abẹ tuntun dára. Ṣùgbọ́n ohun tó gba Màámi là ni ọkọ̀ tó kọjú sí géètì, àti ọmọ tí àgbà ti fún láṣẹ láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òbí wa, bí ẹ bá ń múra de ọmọ tuntun, ẹ má lé àwa tó wà nílẹ̀ jáde. Ẹ fi ohun tó yẹ ká máa wò hàn wá.