Ta Ni Yóò Jẹ Àdánù?



Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta bàtà fẹ́ kó ọjà kún ọjà. Màmá rẹ̀ ti jìyà gbọ́mú-lé-lántà rí: ọjà tà o, ọjà ò tà o, bí ọ̀sẹ̀ bá ti pé, olówó á dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun ò ní dán an wò láé. Ni mo bá fún un ní ₦200,000 ní ìlànà mudaraba: owó tèmi, iṣẹ́ tirẹ̀, ká pín èrè dọ́gbadọ́gba.

Oṣù mẹ́ta, èrè ń wọlé. Ní oṣù kẹrin, àgbàrá òjò ya wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ba ọjà jẹ́. Ohun tó ṣẹ́kù ò ju ìdajì owó mi lọ. Ẹ sọ òótọ́, ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe? Èmi pè é, mo ní kó lọ wá owó mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Alfa, ṣé kì í ṣe mudaraba la jọ ṣe ni?"

Ojú tì mí. Èmi gan-an ni mo kọ́ ọ pé bí òṣìṣẹ́ ò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba owó jẹ́, tí kò sì yẹ àdéhùn, olówó ló ni àdánù owó. Òṣìṣẹ́ pàdánù làálàá tirẹ̀. Bí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe fi owó Khadijah ṣòwò lọ sí ilẹ̀ Sham nìyẹn, owó lọ́wọ́ ẹnì kan, iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ń bínú sí ètò kapitálísíìmù, ó sì tọ́. Kí n má purọ́ mọ́ ọn: ẹni tó ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ níbẹ̀ náà máa ń jẹ àdánù. Orí èlé ni ìṣòro wà. Òǹyáwó nìkan ló ń gbé ewu ọjà, olówó ti mọ iye tí òun máa gbà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ Suratul-Hashr, ayah 7, ti kọ̀ kí ọrọ̀ máa yí po láàárín àwọn olówó nìkan.

Àwọn kan ti gbìyànjú. Ní 1963, Ahmad al-Najjar dá báńkì ìfowópamọ́ aláìlélèé sílẹ̀ ní Mit Ghamr, ní ilẹ̀ Íjíbítì. Irú báńkì tó rí ní Jámánì ló wò kọ́ ọ, ó wá yọ èlé kúrò. Ní 1967, ètò náà dópin. Lónìí, báńkì Islam pọ̀, ó wà ní Nàìjíríà náà, ṣùgbọ́n murabaha ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe jù: wọn á ra ọjà, wọn á tà á fún ọ pẹ̀lú èrè tí ẹ ti jọ mọ̀. Halaal ni. Àmọ́ mudaraba ń bà wọ́n lẹ́rù, irú ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ òjò yẹn.

Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi. A fi ìyókù tún bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, owó náà ò tíì pé ₦200,000 padà.