Àtẹ Tábà àti Súìtì ní Ọ̀tọ̀

Ní àwọn ọdún tí ó yí òmìnira 1960 ká, ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ìdó ní àṣálẹ́, tí ó sì dorí kọ ọ̀nà Ọ̀tọ̀, iná fìtílà ni yóò kọ́kọ́ rí kí ó tó rí ojú ẹni tí ó jókòó tì í. Ẹ̀gbẹ́ fìtílà náà ni àtẹ wà. Ìgò gíga mẹ́rin tàbí márùn-ún dúró lórí rẹ̀, súìtì pupa, funfun àti aláwọ̀ ewé kún inú wọn. Níwájú àwọn ìgò ni pákẹ́ẹ̀tì sìgá wà, a tò wọ́n léra bí bíríkì. Ọ̀kan nínú wọn ti ṣí sílẹ̀ fún àwọn tí owó wọn kò ju ti ẹyọ kan lọ. Agolo aáṣà wà lábẹ́ àtẹ, ìṣáná wà létí rẹ̀. Àgbà tí ó ti ibi iṣẹ́ dé rí ohun tí yóò rà. Ọmọdé tí a rán níṣẹ́, tí kọ́bọ̀ kan ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́, rí tirẹ̀ rà pẹ̀lú. Ọwọ́ kan náà ni ó ń tà fún àwọn méjèèjì.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé tábà tí ó korò àti súìtì tí ó dùn di ará àtẹ kan. Kò yẹ kí ó ya ẹni tí ó mọ ìtàn lẹ́nu, nítorí pé tábà àti ìrèké ti jọ rìn pẹ́. Tábà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tí ó gbé e dé etí òkun wa. Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì ni èyí tí ó lókìkí jù lọ ti ń wá sí Wídà, Àgbádárìgì àti Èkó. Ewé tí ó dára ni wọ́n ń kó lọ sí Potogí. Èyí tí ó kù, tí ó ti ya, tí ó sì wẹ́wẹ́, ni wọ́n ń lọ́ bí okùn, tí wọ́n sì ń fi oje ìrèké tí ó ki bí oyin kùn ún kí ó má baà gbẹ. Èyí tí wọ́n kà sí àloku yìí gan-an ni àwọn ènìyàn etí òkun wa yàn láàyò nítorí adùn àti òórùn rẹ̀, débi pé àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pàápàá ń wá a kiri kí wọ́n tó lè rí ọjà tí wọ́n bá wá rà. Ọjà wo ni? Ènìyàn ni. Kò yẹ kí a fi èyí pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó ń kọ́ ìwé. Ìdì tábà wà lára owó tí a fi ra àwọn baba àti àwọn ìyá tí a kó lọ sí Bahia, kí wọ́n lè lọ gbin ìrèké àti tábà mìíràn níbẹ̀.

Òwò ẹrú parí, ṣùgbọ́n ti tábà kò parí. Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ń gbìn ín, àwọn òyìnbó sì ń kó tiwọn wá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní 1912 ni ilé iṣẹ́ British American Tobacco bẹ̀rẹ̀ sí í ta sìgá ní Nàìjíríà. Ní 1933 wọ́n dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Òṣogbo, ní 1937 wọ́n kọ́ èyí tí ó tóbi sí Ìbàdàn, nígbà tí ó sì di 1951, Nigerian Tobacco Company ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe.

Ọ̀tọ̀ ní tirẹ̀, ilẹ̀ Ọlọ́tọ̀ ni, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ tí í dé fìlà funfun ní Èkó. Ìgbà tí a la ojú irin láti Ìdó lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí i ní 1901, ni ẹsẹ̀ àjèjì pọ̀ sí agbègbè náà. Ọdún yẹn kan náà ni afárá Carter so Erékùṣù Èkó mọ́ Ìdó. Ibi tí ọ̀nà ojú irin àti afárá bá ti pàdé, ibẹ̀ ni àárẹ̀ ti ń mú ènìyàn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń wá ohun tí wọn yóò fi sí ẹnu.

Ìdílé kan báyìí wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí a dárúkọ. Ìyá àgbà wọn ni ó dá òwò náà sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin ní Èbúté Mẹ́ta, ó sì kú nígbà tí àwọn ọmọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì kéré. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin náà mọ̀ láti ilé bàbá rẹ̀ wá ni aáṣà lílọ̀, èyí náà ni ó sì gbé lé ọwọ́.

Iṣẹ́ aáṣà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. A ó sá ewé tábà títí yóò fi gbẹ táútáú, a ó yan án díẹ̀ lórí àpáàdì, a ó wá gbé e lé ọlọ pẹ̀lú káún. Ọwọ́ ẹni tí ó ń lọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ sinmi, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kánjú. Lẹ́yìn náà ni a ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́, kí ó lè kúnná bí àtíkè. Bí káún bá pọ̀ jù, yóò ta àwọn oníbàárà nímú, wọn yóò bínú. Bí ó bá kéré, wọn yóò ní eérú lásán ni a tà fún wọn. Ìyá àgbà kì í fi òṣùwọ̀n wọn káún rẹ̀. Àárín àtàǹpàkò àti ìka méjì ni òṣùwọ̀n rẹ̀ wà. Àwọn ìyá ọlọ́jà Òyìngbò a máa rán ọmọ wá láti ra tiwọn, nítorí pé inú ètè ni àwọn ń fi í sí, wọn kì í fín in, èyí sì ń fẹ́ kí ó kúnná ju ti àwọn ọkùnrin lọ.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni ó gbá a mú lẹ́yìn rẹ̀. Sìgá ni ọmọbìnrin yìí fi kún un, Bicycle àti Guinea Gold, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ti ń ka aáṣà sí ohun arúgbó. Òun náà ni ó mú súìtì wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò rà á. Ó ń ṣe é ni. Ó ń rin àgbọn, ó ń fún omi rẹ̀, ó ń sè é pẹ̀lú ṣúgà títí yóò fi dúdú, tí yóò sì máa fà, èyí ni bàbá dúdú. Ṣáfẹ́ àgbọn náà kì í ṣòfò, gúrúndì ni ó ń fi í ṣe. Òórùn ṣúgà jíjóná a wá dàpọ̀ mọ́ ti tábà nínú yàrá kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ ń sùn sí.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, Robert Lewis bẹ̀rẹ̀ òwò tábà ní 1787, ó sì fi ọjà náà sílẹ̀ fún àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Inú ìwé ńlá ni wọ́n ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí níbẹ̀. Winston Churchill di ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà náà ní 1900. Ní Ọ̀tọ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ìwé gbèsè. Ẹfun ni a fi ń kọ ọ́. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀ lórí pákó náà. Ìlà òòró dúró fún sìgá, ìlà ìbú dúró fún aáṣà. Obìnrin náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ tí ó lè jiyàn gbèsè lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọdún 1945 ni ilẹ̀kùn náà kún jù lọ. Ní oṣù Júùnù ọdún náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, pẹ̀lú àwọn ti ojú irin tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú wọn, da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ogun ti sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, owó wọn kò sì lọ sókè. Ìdásẹ́sílẹ̀ náà kọjá oṣù kan. Ọkọ̀ kò lọ, owó kò wọlé, bẹ́ẹ̀ ni sìgá kò ṣeé fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ti mọ́ lára. Obìnrin yìí ń ta àwìn títí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fi funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sí ara ògiri. Àwọn alájọṣe rẹ̀ ní ó ti ya wèrè. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, èyí tí ó pọ̀ nínú wọn san, òmíràn ní ṣílè, òmíràn ní tọ́rọ́ tọ́rọ́. Àwọn kan kò padà wá rárá. Kò pa ìlà tiwọn rẹ́. Ibẹ̀ ni ó wà títí a fi kun ilẹ̀kùn náà.

Owó àtẹ yìí ni a fi rán àwọn ọmọ obìnrin náà ní ilé ìwé. Èyí jẹ́ òtítọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ mìíràn wà nínú ilé náà tí wọn kì í fẹ́ sọ. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ ní àṣálẹ́ jẹ́ láti máa tan sìgá fún àwọn oníbàárà. Atẹ́gùn ọ̀sà a máa pa ìṣáná. Nítorí náà ọmọ náà a fi sìgá sí ẹnu ara rẹ̀, a tẹrí ba sórí fìtílà, a fà á kí ó tó gbé e fún ẹni tí ó rà á. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń yìn ín, ìyá rẹ̀ a sì fún un ní súìtì kan láti fi pa òórùn ẹnu.

Ní 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill ti kọ ọ́ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn tí ń mu sìgá ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń bá jà jù. Ní 1964, ọ̀gá àgbà àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà sọ ohun kan náà fún gbogbo ayé. Ìròyìn náà kò tètè dé ọ̀nà Ọ̀tọ̀. Ohun tí ó dé ibẹ̀ ni àwòrán àwọn ọkùnrin tí aṣọ wọn mọ́, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí sìgá sì wà lọ́wọ́ wọn.

Owó yí padà di náírà ní 1973. Nígbà náà, àbúrò ọmọkùnrin yìí, tí í ṣe obìnrin, ni ó ti jókòó sídìí àtẹ, àtẹ náà sì ti di ṣọ́ọ̀bù onípáànù. Kò se bàbá dúdú mọ́. TomTom àti Goody Goody láti ilé iṣẹ́ Cadbury ni ó kún ìgò rẹ̀. Kò lọ aáṣà mọ́ pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, a mú pákẹ́ẹ̀tì kan, kì í san owó. Ta ni yóò gba owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Nígbà tí ikọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, TomTom ni àbúrò ń kó fún un. Ikọ́ náà kò gbọ́ ti TomTom. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tí dókítà yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò, tí ó sì bi í ní ọdún tí ó kọ́kọ́ mu sìgá. Ó ronú títí. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá kí òun ka ti àwọn tí òun tàn fún oníbàárà mọ́ ọn.

Ó kú kí òfin tó dé. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí tábà, ó sì fi í múlẹ̀ ní 2005. Lára ohun tí àdéhùn náà kọ̀ ni súìtì tí a ṣe ní àwòrán sìgá fún ọmọdé. Ní oṣù Karùn-ún 2015 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin ti ilẹ̀ yìí: a kò gbọdọ̀ ta tábà fún ẹni tí kò tó ọmọ ọdún 18, a kò sì gbọdọ̀ ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá rìn ní ìgboro mọ̀ bí wọ́n ti ń pa òfin yìí mọ́ sí. Àtẹ tí ń tú pákẹ́ẹ̀tì pọ̀ síbẹ̀, nítorí pé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni èrè rẹ̀ wà.

Kì í ṣe òfin ni ó mú sìgá kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù ti Ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, obìnrin náà ta èyí tí ó ṣẹ́ kù, kò sì ra òmíràn. Àwọn ọmọ rẹ̀ bínú díẹ̀, wọ́n ní ìdajì owó ilé ni ó gbé sọnù, irọ́ sì kọ́ ni wọ́n pa. Oṣù mélòó kan le. Bísíkíìtì, omi tútù àti káàdì ìpè ni ó fi dí àyè náà.

Láti 2024 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń gbé èrò láti Òyìngbò lọ sí Agbádó, ẹsẹ̀ èrò sì tún pọ̀ lágbègbè náà. Àwọn ọkùnrin kan ṣì ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n á na ìka méjì sókè láìsọ̀rọ̀. Obìnrin arúgbó náà á mi orí, á sì nawọ́ sí ìgò TomTom. Àwọn mìíràn a rà á, àwọn mìíràn a pòṣé lọ. Ọlọ tí ìyá àgbà fi ń lọ aáṣà wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ni a fi ń ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà gbá a dé, orí rẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń jókòó sí bí wọ́n bá ń tú súìtì wọn.