Ẹni Tó Bu Oúnjẹ fún Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí pásítọ̀, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá bàbá rẹ̀, ọmọ yẹn náà lè jókòó nílé oúnjẹ kó máa pariwo mọ́ obìnrin tó tó ìyá bí i pé: "Omi dà? Mú omi wá jàre!" Ẹnikẹ́ni ò ní bá a wí, torí àwa tá a mú un wá náà ń fọwọ́ gbá tábìlì. Ọmọ ń wo aṣọ, ó ń wo mọ́tò, ibẹ̀ ló ti ń mọ ẹni tó yẹ kóun bọ̀wọ̀ fún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kó àwọn tèmi lọ jẹun àárọ̀ ní búkà kan l'Ájégúnlẹ̀ láwọn Sátidé kan. Ajégúnlẹ̀ tiwa ni mò ń wí o, ti Kòṣọ́fẹ́, lójú ọ̀nà Ìkòròdú lẹ́yìn Máìlì 12, kì í ṣe ti Àpápá tí gbogbo ayé mọ̀. Ìyá oníàkàrà wà níta nídìí agbada. Inú lọ́hùn-ún, ẹ máa rí ẹ̀kọ gbígbóná, tíì, búrẹ́dì àti ẹyin díndín, pẹ̀lú àpótí onígíláàsì tí mítì-páì, bọ́ǹsì àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù wà nínú rẹ̀. Àwọn kan á ní búkà dọ̀tí. Òmíràn dọ̀tí lóòótọ́. Ẹ wo òróró, ẹ wo omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gba ibòmíràn lọ.

Láti 1986 tí iléeṣẹ́ UAC ti dá ilé oúnjẹ Mr Bigg's sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù bá wà nìkan ni wọ́n ń mú ọmọ lọ. Mi ò bá mítì-páì jà, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ níbẹ̀, ẹ tò, ẹ sanwó, wọ́n gbé e lé tíréè, ó parí. Ọmọ lè jẹ àjẹyó kó má kí ẹnì kankan. Ẹ dán irú ẹ̀ wò lọ́dọ̀ ìyá oníàkàrà wa. Á gbójú sókè, á bi ọmọ náà pé: "Àbí a jọ sùn ni?"

Kí ọmọ tó jí, obìnrin yìí ti bó ẹ̀wà, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti pò ó títí tó fi fúyẹ́. Mo máa ń ní káwọn ọmọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán wò ó: bó ṣe ń fi ṣíbí bù ú sínú òróró, tó ń yí i, tó ń fi ìkaṣẹ̀ gbọn òróró ẹ̀ dànù, tí èéfín ń kó sí i lójú. Ọmọ tó bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ó máa ń nira fún un láti jágbe mọ́ ọn. Tó bá ń lọ, kò ní gbàgbé láti wí pé, "Ajé á wọ igbá o."

Ẹ̀kọ́ míì tún wà. Bí ẹni tó wà ní tábìlì kejì bá ní, "Ẹ wá jẹun o," kí lọmọ yín máa ń sọ? Nígbà tí ọmọ mi kejì ṣì kéré, ńṣe ló dìde, ó lọ nawọ́ sí àkàrà dẹ́rẹ́bà kan. Gbogbo búkà bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà sì fún un ní ẹyọ kan. Ó ti mọ "Á gba ibi ire o" báyìí. Àwọn òbí kan ń fi májèlé dẹ́rù ba ọmọ, ọmọ á wá máa yímú sí ẹni tó ń yẹ́ ẹ sí. Kó má jẹ ẹ́, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ kó dáhùn.

Tá a bá ń dúró de àkàrà, n kì í fún àwọn ọmọ mi ní fóònù. Mo sọ fún wọn nípa Amos Shackleford, ará Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì l'Ékòó ní 1921. Wọ́n ò kà á sí. Ti àkàrà ló dùn mọ́ wọn: pé àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Bahia ní Brazil, pé acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, àti pé ní 2005 ìjọba wọn kọ iṣẹ́ àwọn ìyá tó ń tà á sínú ìwé ogún àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ọmọbìnrin mi yíjú sí ìyá oníàkàrà: "Ṣé orúkọ tiyín náà wà nínú ìwé yẹn, mà?" Obìnrin náà ní ìwé kan ṣoṣo tóun mọ̀ ni èyí tóun ń kọ gbèsè sí.

Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò wa mọ oṣù September àti October. Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n ṣí omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀, odò Ògùn á kún bá wa nílé. Ní 2010, omi lé ọ̀pọ̀ ìdílé títí dé àgọ́ tí ìjọba ṣe sí Agbọ́wá. Lásìkò bẹ́ẹ̀, "Ẹ kú ọjà" nìkan ò tó, kí ọmọ mọ "Ẹ kú ewu omi o," kó sì mọ̀ pé tó bá bá búkà ní títì, ó yẹ kó béèrè ìyá náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá le sí ni ti ọmọbìnrin tó ń fọ abọ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ mi àgbà ni, kì í ṣe àǹtí ẹnì kankan. Mo ní kí tèmi béèrè orúkọ rẹ̀, kó máa fi kí i, kó sì gbé abọ́ tirẹ̀ lọ bá a tó bá jẹun tán. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ lọ lẹ́ẹ̀kan ò gbà. Ó ní òun ti sanwó, kí ló dé tí ọmọ òun á tún máa kó abọ́? Mo bi í pé abọ́ mélòó lọmọ náà ń fọ nílé. Ó ní ká sọ ọ̀rọ̀ míì.