Ohun Tí EMT Gbọ́dọ̀ Kọ́ Kí Ó Tó Wọ Áńbúláǹsì

Ní Amẹ́ríkà, EMT ni òṣìṣẹ́ tó ń bá áńbúláǹsì lọ sílé ẹni tí àìsàn kì mọ́lẹ̀, tàbí sójú títì tí ọkọ̀ ti gbókìtì. Kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lo nǹkan bíi wákàtí 150 sí 190 lẹ́nu ẹ̀kọ́, ó gbọ́dọ̀ yẹ àwọn aláìsàn wò lójú olùkọ́, kí ó sì yege nínú ìdánwò orí àti ìdánwò ọwọ́. Òṣìṣẹ́ tó ń kọ ìtàn yìí, tí áńbúláǹsì ti di ibi oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, gbà pé ẹ̀mí àwọn èèyàn tó ti lọ ni wọ́n fi ra àwọn wákàtí náà.

Ṣáájú 1966, ìwọ̀nba ibi ló ń béèrè ohun tí awakọ̀ áńbúláǹsì mọ̀. Àwọn tó ń sìnkú ló ní ọkọ̀ tó gùn débi tí èèyàn lè nà gbalaja nínú rẹ̀, nítorí náà àwọn ni wọ́n ń pè. Nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ áńbúláǹsì orílẹ̀-èdè náà ló wà lọ́wọ́ àwọn asìnkú bíi 12,000. Ọkọ̀ tó gbé òkú láàárọ̀ lè gbé aláìsàn lọ́sàn-án. Ní àwọn ìlú mìíràn, ọlọ́pàá ló ń ṣe é: wọn a gbé ẹni tó farapa sẹ́yìn ọkọ̀, àwọn fúnra wọn a jókòó síwájú, wọn a sì ki eré mọ́lẹ̀. Bí onítọ̀hún bá dákẹ́ mímí lójú ọ̀nà, ta ni yóò mọ̀?

Ní 1966, National Academy of Sciences gbé ìròyìn kan jáde tó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ní 1965 nìkan, ìjàm̀bá ṣe èèyàn mílíọ̀nù 52 léṣe, ó sì pa 107,000. Ó fi kún un pé lójú àwọn tó ti fi iṣẹ́ ìṣègùn sin ológun, ẹni tó fara gbọgbẹ́ ńlá lójú ogun ní ìrètí ìyè ju ẹni tó fara gbọgbẹ́ ní ìgboro Amẹ́ríkà lọ. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe òfin ààbò ojú pópó, òfin tó jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ lè gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún áńbúláǹsì àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Ìlú Pittsburgh ni àpẹẹrẹ tó dára jù lọ nípa bí a ṣe lè kọ́ wọn ti wá. Ní Hill District, adúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, ọlọ́pàá ló ń gbé aláìsàn, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kò sì fẹ́ fojú kan ọlọ́pàá rárá. Dókítà kan wà nílùú náà tó ń jẹ́ Peter Safar, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́ ayé bí a ṣe ń tẹ àyà tí a sì ń fẹ́ èémí sẹ́nu ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró. Ní 1966 ni ikọ́ fée pa ọmọbìnrin rẹ̀, Elizabeth. Ní 1967, òun àti Phil Hallen, ọ̀gá àjọ kan tó ń fi owó ran ètò ìlera lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Freedom House tó ń wá iṣẹ́ fún ará adúgbò, kó àwọn ọkùnrin Hill District jọ láti kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí. Àwọn kan nínú wọn kò parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Vietnam dé. Ìlú ti kọ̀wé sí wọn lára pé wọn kò wúlò.

Nǹkan bíi wákàtí 300 ni Safar fi kọ́ wọn. Wọ́n kọ́ bí ara ṣe rí nínú àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n wọ ilé ìwòsàn lọ ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń wa áńbúláǹsì láìju aláìsàn kiri nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde sí ìgboro ní 1968, àwọn tí ìlú pè ní aláìwúlò ló wá mọ iṣẹ́ náà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wa áńbúláǹsì ní Amẹ́ríkà lọ. Ní 1974, dókítà Nancy Caroline di olórí ìṣègùn wọn. Òun fúnra rẹ̀ ń bá wọn wọ ọkọ̀, lọ́dọ̀ wọn ló sì ti rí ohun tó fi kọ ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ lò fún àwọn paramẹ́díìkì, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì tó kọ́ iṣẹ́ náà jìnnà ju EMT lọ.

Ní 1975, ìjọba ìlú gba iṣẹ́ náà, Freedom House sì kógbá sílé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ìdánwò lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn àti àwọn òfin tuntun lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣètò ìdánwò fún EMT lónìí yẹ kó mọ ìtàn yìí. Ìdánwò tí kò bá ẹ̀kọ́ mu lè lé ẹni tó mọ iṣẹ́ jáde kó sì fi òpè rọ́pò rẹ̀. John Moon, ọ̀kan nínú wọn, kò kúrò ní tirẹ̀. Ó di igbákejì olórí iṣẹ́ áńbúláǹsì ìlú náà.

Ètò ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún EMT kò ju wákàtí 81 lọ. Ní 1970 ni wọ́n dá National Registry sílẹ̀ kí ìdánwò lè jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri, ní 1971 sì ni èèyàn 1,520 jókòó sí àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ibùdó 51. Ní 1994, wákàtí náà di 110. Ìlànà ọdún 2009 ló sọ ọ́ di 150 sí 190. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni iṣẹ́ ń kún iṣẹ́: ẹ̀rọ tó ń fi iná ta ọkàn jí, okùn tí a fi ń fún apá tàbí ẹsẹ̀ pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, àti nígbà tó yá, oògùn naloxone fún ẹni tí oògùn líle ti fẹ́ẹ̀ pa.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé, ó gbọ́dọ̀ ní káàdì ẹ̀kọ́ títẹ àyà, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti ẹ̀rí pé kò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn tó burú lọ́rùn. Ilé ẹ̀kọ́ a máa ka ìpésẹ̀ sí gan-an, nítorí ẹni tó pa ọjọ́ tí wọ́n kọ́ni ní ìgbẹ̀bí jẹ lè bá aboyún pàdé nínú ọkọ̀. Máàkì 70 tàbí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gbani kọjá.

Ìdánwò ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù. Akẹ́kọ̀ọ́ a wọ yàrá kan, á bá ẹnìkan lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kùn lára. Olùdánwò á ní ọkùnrin yìí já bọ́ láti orí àkàbà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kúnlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kó sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé òun ti wo àyíká, ewu kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá sáré lọ bá aláìsàn láì sọ bẹ́ẹ̀ ti fìdí rẹmi. Lẹ́yìn èyí ni yóò béèrè iye èèyàn tó farapa, tí yóò ní kí ẹnìkejì di orí aláìsàn mú, tí yóò wá wo ọ̀nà èémí, mímí, àti ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, ó gbọ́dọ̀ ti ní kí wọ́n máa gbé aláìsàn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa ṣàròyé pé sísọ gbogbo rẹ̀ síta dà bí eré. Ṣùgbọ́n nínú áńbúláǹsì tòótọ́, ohun tí ẹnì kan rí tí kò sọ, ẹnìkejì rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ a tún máa lo àkókò nílé ìwòsàn àti nínú áńbúláǹsì. Ìlànà 2009 ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ aláìsàn 10 wò, ó kéré tán. Mẹ́wàá kéré jù. Ọmọdé tí kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, arúgbó tó ń sọ̀rọ̀ kátikàti nítorí ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ẹni tó ń bínú nítorí ẹ̀rù ń bà á: èèyàn mẹ́wàá lè kọjá kí akẹ́kọ̀ọ́ má rí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí.

Ìdánwò orí wà lórí kọ̀ǹpútà fún wákàtí méjì, ìbéèrè rẹ̀ sì wà láàárín 70 sí 120. Bí èèyàn bá ṣe ń dáhùn ni kọ̀ǹpútà ń yan ìbéèrè tó kàn, ó sì máa ń dá ìdánwò dúró bó bá ti dá a lójú ibi tí onítọ̀hún wà. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni Registry ń padà lọ wo iṣẹ́ tí EMT ń ṣe gan-an kí ìbéèrè lè bá a mu. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mẹta gbọ́dọ̀ padà lọ tún ẹ̀kọ́ rán kí wọ́n tó tún fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹta míì. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ẹ̀kọ́ ni yóò bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì péré ni ẹ̀kọ́ náà fi ń wúlò fún ìdánwò yìí.

Ìwé ẹ̀rí Registry fúnra rẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fọwọ́ kan aláìsàn. Ìpínlẹ̀ ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, dókítà tó ń bójú tó áńbúláǹsì náà ló sì ń sọ oògùn tí EMT rẹ̀ lè fúnni. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń sọ ìwé ẹ̀rí náà dọ̀tun, pẹ̀lú wákàtí 40 ẹ̀kọ́ tuntun.